Ẹrù tó wúwo jù lórí afárá ni afárá fúnra ẹ̀

Tí go-slow bá ti dì lórí Third Mainland, tí mọ́tò tò láti Oworonṣòkí títí dé Adénìjí, kì í pẹ́ tí ẹnì kan nínú dánfó á fi sọ pé ẹrù yìí mà pọ̀ o, kí afárá yìí má lọ já. Ẹlòmíì á ní òun ti ń gbọ́ ọ bó ṣe ń mì. Kálukú á wá dákẹ́, wọ́n á máa gbàdúrà sínú. Ó kúkú yéni, ọsà ló wà lábẹ́. Àmọ́ èrò yẹn ti gbà lọ́kàn pé mọ́tò ni ẹrù, afárá ni alábàárù, pé tí mọ́tò bá ti pọ̀ jù, alábàárù á ṣubú. Bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí rárá, ó sì máa ń bí èèyàn nínú, torí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹ mú lénì kan ṣoṣo tó fẹ̀ ní mítà 3.5, kí kọnkéré tí wọ́n dà síbẹ̀ nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 25. Kọnkéré tó ní irin nínú, tí ẹ bá gé e ní mítà kan lóòró, mítà kan níbùú, mítà kan sókè, á wúwo tó tọ́ọ̀nù 2.5. Tí ẹ bá wá wo mítà kan péré nínú lénì yẹn, tọ́ọ̀nù 2.2 ló ti wà níbẹ̀, ojú ọ̀nà nìkan la sì kà yẹn o, a ò tíì ka bíìmù tó wà nísàlẹ̀, a ò tíì ka ọ̀dà, a ò tíì ka irin ẹ̀gbẹ́. Ó wá ku mọ́tò. Corolla tí èèyàn wà nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní tọ́ọ̀nù 1.5, nínú go-slow òun àti àyè díẹ̀ tó wà níwájú ẹ̀ á gba bíi mítà 5. Ìyẹn jẹ́ tọ́ọ̀nù 0.3 fún mítà kan. Kọnkéré ojú ọ̀nà nìkan ti fi ìlọ́po méje ju gbogbo go-slow yẹn lọ. Trélà yàtọ̀ o, trélà tọ́ọ̀nù 40 tó gùn ní mítà 15 á gbé bíi tọ́ọ̀nù 2.7 lé mítà kan, ìdí nìyí tí afárá kékeré tó wà lórí odò abúlé fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rù trélà gidi. Àmọ́ bí àyè tó wà láàárín òpó sí òpó bá ṣe ń gùn sí i, ara afárá fúnra ẹ̀ ló ń di wàhálà.

Kí ló fà á? Ẹ gbé pèpéle kọnkéré kan lé òpó méjì, kẹ́ ẹ wá ní kí àárín òpó méjèèjì jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì. Tí ẹ ò bá fi kún nínípọn ẹ̀ rárá, ipá tó fẹ́ ṣẹ́ ẹ láàárín á di ìlọ́po mẹ́rin, torí ìwúwo ẹ̀ ti di méjì, ìwúwo ọ̀hún sì tún ti jìnnà sí òpó ní ìlọ́po méjì. Ó dáa, ẹ jẹ́ kó nípọn ní ìlọ́po méjì, agbára ẹ̀ láti má ṣẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin, ẹ ní ẹ ti bọ́. Ẹ ò tíì bọ́ o! Kọnkéré tẹ́ ẹ fi kún un ti sọ ìwúwo ẹ̀ di méjì lẹ́ẹ̀kan sí i, ipá tó fẹ́ ṣẹ́ ẹ ti kúrò ní mẹ́rin, ó ti di mẹ́jọ. Àfi tó bá nípọn ní ìlọ́po mẹ́rin ni agbára àti ipá máa tó bára dọ́gba, ìlọ́po 16 sí ìlọ́po 16, ìgbà yẹn ni pèpéle yẹn á ti wúwo ní ìlọ́po mẹ́jọ, ẹyọ mọ́tò kan ò sì tíì gun orí ẹ̀.

Tí èyí bá ti yéni, irú afárá tó wà ò nílò ká kà á sórí bí orúkọ olú ìlú mọ́, gbogbo wọn ìdáhùn sí ìṣòro kan náà ni: báwo la ṣe máa dín ìwúwo kù láìdín agbára kù. Afárá oníbíìmù kì í bá ọ̀rọ̀ yẹn jà, ṣe ló ń sá fún un, á to òpó sún mọ́ra. Third Mainland tí wọ́n parí ní 1990 gùn ní bíi kìlómítà 11.8, àmọ́ àárín òpó sí òpó ẹ̀ ò jìnnà, kì í ṣe gígùn afárá ni wàhálà, gígùn àyè tí kò ní òpó ni. Truss, bíi ti Onítṣà sí Asaba tí wọ́n parí ní 1965, yọ ẹran àárín bíìmù kúrò pátápátá, ó ku egungun onígun mẹ́ta mẹ́ta, torí òkè àti ìsàlẹ̀ bíìmù ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́, púpọ̀ nínú àárín ń jẹun lásán ni. Arch, ìyẹn èyí tó yọ ẹ̀yìn sókè, máa ń ti gbogbo ìwúwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ sínú ilẹ̀, òkúta sì fẹ́ràn kí wọ́n máa fún òun pọ̀, ìdí nìyí tí ti Zhaozhou ní Ṣáínà, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 605, fi ṣì dúró. Èyí tí wọ́n fi okùn irin gbé bíi ti Lẹ́kkí sí Ìkòyí, ti 2013, okùn irin ló gbára lé, torí irin tí wọ́n ń fà kì í ká, ó kàn ń na ara ẹ̀ ni, ìwọ̀nba irin tín-ín-rín á gbé ẹrù rẹpẹtẹ. Ó ku irú kan tí wọ́n ń pè ní cantilever, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ó wá kan bí wọ́n ṣe ń yàwòrán afárá gan-an. Nínú ìwé ọmọ ilé ìwé, wọ́n á ya ọ̀fà róbótó kan: bèèrè, ṣèwádìí, ronú, yàwòrán, kọ́ ọ, dán an wò, tún un ṣe. Tíṣà á ní kí wọ́n há a sórí, ìdánwò á bèèrè ìkíní dé ìkeje, ó tán. Ọ̀fà tó ń padà sẹ́yìn yẹn, òun gan-an ni gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ohun ọ̀ṣọ́. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ afárá, kó wó o wò, kó wá tún òmíràn kọ́. Ìpadàsẹ́yìn yẹn gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lórí ìwé, kí wọ́n tó gé irin kankan.

Ohun tó sì jẹ́ kó pọn dandan ni pé afárá máa ń bèèrè ohun tí kò sẹ́ni tó tíì mọ̀. Kẹ́ ẹ tó mọ bó ṣe máa lágbára tó, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa gbé, ohun tó máa gbé jù sì ni ara ẹ̀, kẹ́ ẹ tó mọ bí ara ẹ̀ ṣe wúwo tó, ẹ gbọ́dọ̀ ti yà á tán. Ẹ wo ìnáwó tí wọ́n pe 300 èèyàn sí. Alásè ní òṣìṣẹ́ kan lè dáná fún 30, ó dáa, 10 ni wọn. Àmọ́ àwọn 10 yẹn náà á jẹun, ó ti di oúnjẹ 310, ẹ mú ẹnì kan kún un, òun náà á jẹ, 311, ó parí síbẹ̀, kò burú. Ká wá sọ pé ilé ìdáná yẹn kéré, iná ò dáa, òṣìṣẹ́ kan ò lè dáná ju ti èèyàn méjì lọ, tòun alára sì wà nínú ẹ̀. Ẹ máa nílò 300 òṣìṣẹ́ fún 300 àlejò, ìdajì ìrẹsì ọjọ́ yẹn, ẹnu alásè ló gbà lọ, a ò tíì ka nylon tí wọ́n máa dì lọ fún àwọn ọmọ nílé. Tó bá wá burú débi pé òṣìṣẹ́ kan lè dáná fún ẹnì kan péré, ẹ pe gbogbo ìlú wá dáná, wọ́n á sè, wọ́n á jẹ, wọ́n á fọ ìkòkò, àlejò kankan ò ní fi ẹnu kan nǹkan kan. Irú afárá bẹ́ẹ̀ wà nínú ìṣirò: èyí tó gùn débi pé gbogbo agbára ẹ̀ ló fi ń gbé ara ẹ̀, tí kò lè gba ẹyẹ kan láyè.

Nítorí náà ẹnjiníà á kọ́kọ́ méfò. Á wo afárá tó jọ ọ́ tí wọ́n ti kọ́ rí, á ní ó ṣeé ṣe kí èyí wúwo tó báyìí, á fi ìyẹn yan irin, á ya irin yẹn, á ṣírò ìwúwo ohun tó yà, á fi wé ohun tó méfò. Tí kò bá bára mu, á tún bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ṣe é kéèyàn tó ṣẹ́jú, àmọ́ nígbà tó jẹ́ pé pẹ́ńsù àti ìwé ni, àyípo kan lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, owó sì ń lọ. Èyí ló fà á tí ojú fi máa ń kán àwọn kan.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Quebec, ní Kánádà, nìyẹn. Wọ́n fẹ́ gbé rélùwéè kọjá odò St. Lawrence pẹ̀lú afárá cantilever: apá ńlá kan á na jáde láti orí òpó apá ìhín, òmíràn láti apá ọ̀hún, ẹ̀yìn kálukú á wà ní dídè mọ́ ilẹ̀ kó má baà dojú dé, wọ́n á wá gbé ègé kan kọ́ sí àárín apá méjèèjì. Theodore Cooper, ẹnjiníà àgbà kan ní New York tí orúkọ ẹ̀ ń dún nígbà yẹn, ló wà nídìí ẹ̀. Ní 1900 ó ní kí wọ́n fa àyè àárín láti mítà 488 sí mítà 549, kí òpó lè bọ́ síbi tí omi ò ti jìn, tí yìnyín ò ti ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ìmọ̀ràn tó mọ́gbọ́n dání ni. Àmọ́ ìwúwo tí wọ́n ti ṣírò fún mítà 488, òun náà ni wọ́n fi ń bá iṣẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó padà sẹ́yìn. Cooper tún ti gbà kí irin ọ̀hún máa ru ìnira tó ju èyí tí wọ́n máa ń gbé lé irin lọ, nígbà tí wọ́n sì dábàá pé kí ìjọba fi ẹnjiníà mìíràn sí i láti máa yẹ iṣẹ́ wò, kò fẹ́. Àgbà tí kò fẹ́ kí wọ́n yẹ iṣẹ́ òun wò, ká sòótọ́, ó pọ̀ ní gbogbo ọ́fíìsì.

Ní 1906, irin ti ń jáde láti ilé iṣẹ́, ó wá hàn pé afárá á wúwo ju bí ìwé ṣe sọ lọ dáadáa. Cooper ṣírò pé ìnira tó máa bá irin á fi bíi 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé, ó ní kò burú, kí wọ́n máa bá a lọ. Lásìkò yẹn wọ́n ti rọ púpọ̀ nínú irin ọ̀hún, òmíràn sì ti wà lórí ìdúró, tí wọ́n bá ní kí wọ́n padà sẹ́yìn, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tó di August 1907, Norman McLure, ọ̀dọ́ ẹnjiníà tó jẹ́ ojú Cooper níbi iṣẹ́, rí i pé irin ìsàlẹ̀ kan tó yẹ kó tọ́ ti wọ́, kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ tẹ́lẹ̀, ó ti di bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Àwọn kan ní bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn. Irin tí wọ́n ń fún pọ̀ kì í wọ́ sí i lójoojúmọ́ tí kò bá ní ìdí o. McLure wọ rélùwéè lọ bá Cooper ní New York, ní August 29 Cooper fi tẹlígíráàmù ránṣẹ́ pé kí wọ́n má gbé ẹrù kankan kún un mọ́, Phoenixville ní Pennsylvania, níbi tí ilé iṣẹ́ tó ń rọ irin wà, ló fi ránṣẹ́ sí, kò fi ránṣẹ́ sí Quebec. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí iṣẹ́ ọjọ́ ń parí lọ, gbogbo ẹ̀ wó láàárín bíi ìṣẹ́jú àáyá 15. Nínú 86 òṣìṣẹ́ tó wà lórí ẹ̀, 75 kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Mohawk, ìyẹn ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ Kánádà, láti ìlú Kahnawake.

Afárá yẹn ò tíì parí. Èrò kankan ò tíì bá a kọjá odò. Ìwúwo ara ẹ̀ àti ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ló wó o, látàrí irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi so àwọn irin ìsàlẹ̀ pọ̀ tí kò lágbára tó.

Ohun tó jẹ́ kó ṣòro fún ọmọ ilé ìwé láti gba èyí gbọ́ ni afárá igi áísìkiriìmù tí wọ́n máa ń ní kí wọ́n fi gúlúù lẹ̀. Afárá tí kò wúwo ju gíráàmù 200 lọ lè gbé kílò 20 kó tó ṣẹ́, ìyẹn ìlọ́po 100 ara ẹ̀, kò sí afárá gidi tó gùn tó lè dán irú ẹ̀ wò. Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Ítálì, ti ṣàlàyé ìdí ẹ̀ láti 1638: tẹ́ ẹ bá sọ gbogbo ìwọ̀n nǹkan di ìlọ́po 100, agbára ẹ̀ á di ìlọ́po 10,000, ìwúwo ẹ̀ á di ìlọ́po mílíọ̀nù kan. Ohun kékeré kì í mọ ìwúwo ara ẹ̀. Síbẹ̀ ìdíje yẹn mọ́gbọ́n dání níbi tí wọ́n bá ti ń fi ìwúwo ẹ̀ pín ẹrù tó gbé kí wọ́n tó fún wọn ní máàkì. Níbi tó bá ti jẹ́ pé ẹni tó gbé ẹrù jù ló gba ẹ̀bùn, igi àti gúlúù ni gbogbo wọn kàn máa ń dì lé ara wọn, kò sóhun tí wọ́n kọ́.

Wọ́n tún ti Quebec kọ́, pẹ̀lú irin ìsàlẹ̀ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ gan-an. Ní 1916 ègé àárín bọ́ sómi nígbà tí wọ́n ń gbé e gòkè, èèyàn 13 tún lọ síbẹ̀, ní 1917 ó parí. Rélùwéè ṣì ń gba orí ẹ̀ dòní, mítà 549 ẹ̀ ni àyè tó gùn jù fún cantilever lágbàáyé títí di báyìí. Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ èyí tó jù ú lọ, irin tí wọ́n máa fi kún un, irin ló kàn máa gbé. Okùn ló gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Afárá 1915 Çanakkale tí wọ́n ṣí ní Tọ́kì ní 2022 ní àyè mítà 2,023, torí pé ọdún 2023 ni Tọ́kì pé 100 ọdún tó ti di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò lọ́ba mọ́, omi ò kúkú bèèrè fún 2,023. Ní Ítálì, wọ́n ti ń pètò èyí tó máa ní mítà 3,300 lórí omi Messina ọjọ́ ti pẹ́, nínú àwòrán yẹn, okùn mẹ́rin tó máa gbé ọ̀nà wúwo ju ọ̀nà tí wọ́n máa gbé lọ.