Bí Ilé Iṣẹ́ Iná Èédú Tó Ti Gbó Ṣe Ń Sùn, Tó Tún Ń Jí

Ẹni tó bá gba Ìtòkú kọjá ní Abẹ́òkúta nígbà tí àwọn aládìrẹ ń dáná sábẹ́ dúrọ́ọ̀mù, kí àbẹ́là lè yọ́ kúrò lára aṣọ, á rí i pé ìgbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú igi ni èéfín máa ń ta ojú jù. Omi ò tíì hó, aṣọ kan ò tíì wọlé, igi sì ti ń lọ. Bí omi bá hó tán, igi díẹ̀ á máa gbé iṣẹ́ púpọ̀. Báyìí gan-an ni ilé iṣẹ́ mànàmáná tó ń lo èédú ilẹ̀ ṣe rí, pàápàá èyí tó ti gbó tí wọ́n ń tàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n á kọ́kọ́ lọ èédú náà kúnná bí èlùbọ́ láfún, wọ́n á fẹ́ ẹ sínú àrò. Omi inú páìpù á hó, oru rẹ̀ á yí tọ́báìnì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ní abẹ́ bíi ti fáànù, tọ́báìnì á yí jẹnẹrétọ̀. Nínú ìdá 100 ooru tí èédú mú wá, nǹkan bí 35 ló ń di iná nínú ẹ̀rọ àtijọ́. Ẹ̀rọ 500 mẹ́gáwáàtì kan lè jẹ nǹkan bí 200 tọ́ọ̀nù èédú ní wákàtí kan, ìyẹn ẹrù tírélà bíi méje! Mẹ́gáwáàtì kan fún wákàtí kan ń tú káàbọ́ọ̀nù daiọ́ksáìdì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan sáfẹ́fẹ́. Gáàsì, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́ iná Ọlọ́runṣògo nítòsí wa, kì í sábà tú ju ìdajì rẹ̀ lọ.

Imí ọjọ́ tún wà nínú èédú. Òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ńtì, ni wọ́n ń lọ̀ pọ̀ mọ́ omi láti fi fọ̀ ọ́ kúrò nínú èéfín.

Jíjí ẹ̀rọ yìí ló le. Bó bá ti tutù pátápátá, ó lè gba ìdajì ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin rẹ̀ nípọn. Bí ooru bá tètè wọ̀ ọ́ jù, á sán. Epo ni wọ́n fi ń mú un móoru díẹ̀díẹ̀ kí èédú tó wọlé, ní gbogbo àkókò yẹn kò sì sí iná kankan fún ará ìlú. Wọn kì í sábà tan ẹ̀rọ tó ń fi mànàmáná mú eérú inú èéfín nígbà tí epo ń jó, torí epo tí kò jó tán lè lẹ̀ mọ́ ọn, kó sì gbiná. Títutù àti gbígbóná lemọ́lemọ́ yìí náà ló ń mú kí páìpù tó ti gbó máa jò.

Nítorí náà, ìṣirò méjì ló wà. Èéfín ọdún kan á dín kù, torí ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n pín in sórí iná tó pèsè, wàá rí i pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan dọ̀tí ju ti ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru lọ. Ìkejì yìí ni wọ́n sábà ń gbójú fò.

Kí ló dé tí wọn ò wó o? Òtútù ni. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, bí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ilé ń wá iná, arúgbó yìí ni wọ́n máa ń ké sí títí di ọdún 2024. Ratcliffe-on-Soar, ilé iṣẹ́ iná èédú tó lè pèsè 2,000 mẹ́gáwáàtì, ló kẹ́yìn níbẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n pa á.