Kí Ni “Low Light” Tí Wọ́n Ń Wí fún Ewéko Inú Àkùéríọ́mù?

Bí ẹ bá lọ ra ewéko fún àkùéríọ́mù, ìyẹn àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí, ẹni tó ń tà á lè ní “low light” ni, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti tó o. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá gbé àpótí sí igun pálọ̀ tó ṣókùnkùn jù lọ. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kejì, ewé á ti pọ́n, á sì máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kì í ṣe òkùnkùn. Ó ní iye tó jẹ́, iye náà sì ṣeé wọ̀n.

Iṣẹ́ méjì ni ewéko ń ṣe. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kàn án, á fi omi àti kábọ́nì tó yòrò sínú omi ṣe oúnjẹ. Tọ̀sán-tòru ló sì ń jẹ lára oúnjẹ yẹn kó má bàa kú. Ojú ìdọ́gba kan wà tó jẹ́ pé ohun tó ń ṣe kò ju ohun tó ń jẹ lọ: kò dàgbà, kò sì rù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara rẹ̀ ló kù tó máa jẹ, ewé àtijọ́ ló sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ewéko tí wọ́n ń pè ní ti ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ni èyí tí ojú ìdọ́gba rẹ̀ wà nísàlẹ̀ gan-an, nítorí pé kò jẹun púpọ̀, kò sì yára hù. Ẹ rí i báyìí pé wákàtí kò lè dí àlàfo agbára iná. Gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dé ojú ìdọ́gba, ẹ báà tàn án fún wákàtí 14, ewéko kò ní rí nǹkan kan fi dàgbà. Álígì, ìyẹn ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń bo gíláàsì àti ewé, ni yóò máa jàǹfààní.

PAR ni àwọn tó mọṣẹ́ ń wọ̀n, ìyẹn apá ìmọ́lẹ̀ tí ewéko lè lò. Tó bá wà láàárín 15 sí 30 nísàlẹ̀ àpótí, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń kà á wọ́n gan-an, nítorí náà ẹ wo ẹ̀gbẹ́ páálí gílóòbù, níbi tí wọ́n kọ “lm” sí, ìyẹn lumen, iye ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára gílóòbù. Ẹ ṣírò lm 10 sí 20 fún lítà omi kọ̀ọ̀kan. Àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó ga ní 30, lítà 54 ló ń gbà. Bí ẹ bá yọ ti yanrìn àti òkúta kúrò, omi tó kù máa tó lítà 45. 45 lọ́nà 15 jẹ́ 675, gílóòbù LED oníwáàtì 9 kan, tó sábà máa ń ní nǹkan bíi lm 800, ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi wáàtì rajà: gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, tó ń gbóná yẹn, kò ju lm 800 náà lọ. Èyí tí wọ́n kọ 6500K sí lára, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun bíi ti ọ̀sán, ló dára jù fún ojú.

Bí gílóòbù ṣe jìnnà sí ewéko ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Gílóòbù lásán tí kò ní ohun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, bí ẹ bá gbé e kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 40, nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ yẹn ló máa kù. Ẹ tẹ́ fọ́ìlì sí abẹ́ ìdérí, kó máa dá a padà sísàlẹ̀. Fóònù náà lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí áàpù tó ń ka lux, ìyẹn iye ìmọ́lẹ̀ tó ń balẹ̀ sójú ibì kan, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó bu omi sí i, ẹ tẹ́ fóònù sísàlẹ̀ àpótí, kí ojú rẹ̀ kọjú sí iná. Bó bá ka láàárín 1,000 sí 2,000, ó ti tó. Kò péye bí ẹ̀rọ gidi, ṣùgbọ́n ó sàn ju ìfojúdíwọ̀n lọ.

Ojú èèyàn máa ń tan èèyàn jẹ nípa èyí. Ibi tó ṣókùnkùn máa ń mọ́ ọn lára. Ewéko kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Òṣogbo, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́ máa ń bo fèrèsé, tí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti kọ́tìnnì tún wà níwájú rẹ̀, pálọ̀ tí ẹ ti lè ka ìwé ìròyìn lè má ní ìmọ́lẹ̀ tí ewéko lè jẹ. Ẹ má sì torí ìyẹn gbé àpótí síbi tí oòrùn ti ń kàn án tààrà. Omi á gbóná mọ́ ẹja lára, gíláàsì á sì di aláwọ̀ ewé.

Kí iná tàn fún wákàtí 7 tàbí 8 lójúmọ́ ti tó. Bí iná bá ń ṣe ségesège, ẹ lè pín in: 4 láàárọ̀, 4 lálẹ́. Ọjọ́ kan tàbí méjì láìsí iná kò ní pa ewéko. Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníwákàtí, tó ń tan iná tó sì ń pa á fúnra rẹ̀, ló lè dà yín láàmú: èyí tó ń yí bí aago máa ń dúró bí iná bá lọ, bó bá sì dé, ibi tó dúró sí ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, iná tí ẹ fẹ́ kó tàn lọ́sàn-án lè máa tàn lóru. Ẹ ra èyí tó ní bátìrì nínú.

Anubias barteri ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ọmọ ilẹ̀ wa ni: etí odò inú igbó, láti gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà dé Kamẹrúùnù, ló ti ń hù lábẹ́ ibòji. Orúkọ Charles Barter ni wọ́n fi sọ ọ́, onímọ̀ ewéko tó bá William Baikie, aṣèwádìí ọmọ Scotland, rìnrìn àjò lórí odò Ọya, tó sì kú sí Rábà létí odò náà ní 1859. Ọ̀pá kan tó nípọn, irú èyí tí atalẹ̀ ní, ni ewé àti gbòǹgbò rẹ̀ ti ń yọ. Ẹ kò gbọdọ̀ ri ọ̀pá yìí mọ́ yanrìn, torí á rà, ewé á sì máa já láti ìdí. Ẹ fi òwú ìránṣọ dì í mọ́ òkúta tàbí igi, tàbí kí ẹ fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́. Tó bá ti gbẹ, kì í ṣe ẹja ní nǹkan. Òfin kan náà ni ti Java fern, ewéko míì tó ní irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Ewé kan láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ni ẹ ó máa rí, ẹ má sì bínú sí i. Cryptocoryne wendtii ní tirẹ̀ ń fẹ́ yanrìn tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ewé rẹ̀ lè yọ́ tán lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ gbìn ín, nítorí omi yàtọ̀ sí ibi tó ti wá. Ẹ má fà á tu. Gbòǹgbò ń bẹ láàyè, yóò tún rú.

Àwọn kan á fẹ́ lọ bu ojú oró lódò, torí ọ̀fẹ́ ni. Ojú oró ní í lékè omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn ló ń jẹ níbẹ̀. Lábẹ́ gílóòbù kékeré ńṣe ló máa ń rún, kó tó kú, á ti dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ewéko odò tún lè kó ìgbín omi tó ń gbé àtọ̀sí ajá wọlé. Ti Igbó Ọ̀ṣun kò tún sí lára rẹ̀ rárá: wọn kì í pẹja níbẹ̀, ẹ má ṣe já ewé ibẹ̀.

Bí ewé àtijọ́ bá ń pọ́n, tí tuntun sì kéré, tí ọ̀pá rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ìmọ́lẹ̀ ni kò tó: ẹ sún gílóòbù mọ́ ọn. Bí ewé àtijọ́ bá ń lu ihò, pọ̀táṣíọ̀mù ló sábà máa ń ṣaláì tó, ẹ fi ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ṣe fún àkùéríọ́mù sí i ní ìdajì ohun tí ìgò sọ. Bí ohun tó dà bí irun aláwọ̀ ewé bá ń hù lára ewé, ẹ dín wákàtí kan kù, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà ọyẹ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú èyí, ẹ nu eruku orí ìdérí àti gílóòbù ná.