Ẹ Yí Region Sí Nàìjíríà, Àmọ́ Ọjọ́ Ò Yí

Ní Abẹ́òkúta níbí, láti Pansẹ́kẹ̀ dé Kútọ̀, bí ènìyàn bá ti ní ọjọ́ tó wà lórí àkọsílẹ̀ ọjà òun dojú rú, ìdáhùn kan ṣoṣo ló máa gbọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sí Settings, ẹ yí Region sí Nigeria, gbogbo ẹ̀ á tò." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Oṣù ló ń ṣíwájú lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ọjọ́ ló ń ṣíwájú lọ́dọ̀ tiwa, Windows tó ń darí kọ̀ǹpútà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ni Settings rí: ẹni tó bá dúró kà á ló lè tẹ̀lé e.

Ọ̀pọ̀ áàpù kì í dúró. Ẹni tó fi èdè C kọ tiẹ̀, tí kò pe setlocale, àṣẹ tó ń ní kí áàpù tẹ̀lé ìlànà tí ẹ yàn, áàpù rẹ̀ lè má wo ohun tí ẹ yàn rárá. Ẹlòmíràn á fọwọ́ ara rẹ̀ kọ MM/dd/yyyy (oṣù, ọjọ́, ọdún) sínú iṣẹ́, ó parí. Nínú Excel, ẹ ṣí Format Cells, ẹ ó rí ìràwọ̀ kékeré (*) níwájú àwọn kan nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọjọ́. Àwọn oníràwọ̀ yẹn ló ń tẹ̀lé Windows. Microsoft tiẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀ sísàlẹ̀ ibẹ̀. Ta ní ń kà á?

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣorí kunkun jù ni bùráúsà, áàpù tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń fi ojú ìwé ránṣẹ́ sí yín, ló kọ ọjọ́ sójú ìwé, ó ti kọ ọ́ tán kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Èdè tí ẹ yàn ni bùráúsà ń sọ fún un, nínú ìlà tó ń jẹ́ Accept-Language. Kò sí ìlà tó ń sọ bí ẹ ṣe to Short date (ọ̀nà kúkúrú láti kọ ọjọ́) yín ní Windows. Bó bá sì jẹ́ JavaScript, èdè ìṣètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú bùráúsà, ló kọ ọ́, tó pe toLocaleDateString, àṣẹ tó ń kọ ọjọ́ jáde, láìsọ èdè tàbí ìlú kankan, bùráúsà ló máa bi. Chrome tó wà lórí Windows á wo èdè tòun fúnra rẹ̀. Bó bá wà lórí English (United States), oṣù ló máa ṣíwájú, kẹ́ ẹ yí Region títí ilẹ̀ á fi mọ́. Firefox ní ibi tí ẹ ti lè ní kó máa tẹ̀lé kọ̀ǹpútà, ìyẹn bí ẹ bá wá a rí.

Ẹnìkan á ní, "Ó kúkú ṣiṣẹ́ fún èmi." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ yí èdè mọ́ ọn lọ́jọ́ náà, ẹ wá ń fi ìyìn fún Region.

Àwọn ọjọ́ kan tiẹ̀ wà tí Settings kankan ò lè ràn lọ́wọ́. Ẹ kọ ọjọ́ èyíkéyìí nínú 1859, ọdún tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn nílùú yìí, sínú Excel. 1900 ni kàlẹ́ńdà Excel ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ lásán ni yóò kà á sí.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan Region o. Bí áàpù yín bá jẹ́ irú èyí tó ń béèrè, ó ṣeé ṣe kó tò lóòótọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni fáìlì CSV, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n fi kọ́mà pín, nítorí níbẹ̀ Settings lágbára ju bó ṣe yẹ lọ. Nọ́ńbà tó ń ka iye ọjọ́ láti 1900 ni Excel fi ń tọ́jú ọjọ́. Ẹ fi Excel ṣí 05/04/2024 lórí kọ̀ǹpútà tó wà ní ìlànà Amẹ́ríkà: dípò 45387, tó dúró fún ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin, 45416 ló máa fi pa mọ́, ìyẹn ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún. Kò ní sọ fún yín. Ẹ wá sáré yí Region lẹ́yìn tí ẹ ti tọ́jú ẹ̀ bíi fáìlì Excel tán, ọjọ́ tí kò tọ́ yẹn náà ló máa tún tò dáadáa fún yín. Ṣùgbọ́n 13/04/2024 ò ní oṣù kẹtàlá tó lè bọ́ sí, nítorí náà á wà bí ọ̀rọ̀ lásán. Bí ẹ bá rí i pé àwọn ọjọ́ kan fara ti apá òsì nínú kọ́lọ́ọ̀mù, tí àwọn yòókù fara ti apá ọ̀tún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ Save.