Ẹ fún résídẹ́ńtì ní nọ́ńbà fóònù yín gan-an

Ó ti sú mi. Résídẹ́ńtì, ìyẹn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ láti di ọ̀gá nínú ẹ̀ka kan, á pe nọ́ńbà aláìsàn tá a ṣiṣẹ́ abẹ fún kó lè mọ bí ara ẹ̀ ṣe ń ṣe, ẹni tó gbé e á ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí oníkálukú ti ń sọ pé wọ́n máa fi orúkọ òun ṣe nǹkan. Ṣe kí ni? A ti rí inú ikùn yín tán, ṣé nọ́ńbà fóònù la tún fẹ́ fi ṣe yín níbi ni?

Résídẹ́ńtì tó fẹ́ di kọ́ńsọ́tántì, dókítà àgbà, gbọ́dọ̀ ṣèwádìí, kó kọ dissertation, ìyẹn ìwé ìwádìí ẹ̀, kó lọ gbèjà ẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò. Ó sì ń ṣe é mọ́ kọ́ọ̀lù òru, mọ́ tíátà iṣẹ́ abẹ, mọ́ iṣẹ́ àwọn tó ti jápa.

Ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló ń ká mi lára jù. Ọgbọ̀n ọjọ́ la máa ń fi ṣọ́ ojú iṣẹ́ abẹ. Ọgbẹ́ tó gbẹ dáadáa ní wọ́ọ̀dù lè délé kó ya, kí ọyún máa jáde, ẹ̀yin á wá gba ọ̀dọ̀ alágbo lọ tó máa fi ewé dí i, tó sì máa ní ẹ̀mí òkùnkùn ni. Kò sóhun tó ń jẹ́ ẹ̀mí òkùnkùn níbẹ̀, kòkòrò ni! Àwa tá a wà ní ọsibítù ò sì ní í gbọ́, a ò ní mọ̀ bóyá ẹ sàn ni àbí ẹ ò sàn, kí la fẹ́ kọ?

Ẹ wo ìwádìí ChEETAh tó jáde nínú Lancet, ìwé ìwádìí àwọn oníṣègùn, ní 2022: orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ wà níbẹ̀, ọsibítù 81, aláìsàn tó lé ní 13,000. Ohun tí wọ́n ń wá ò ju pé tí dókítà bá pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irinṣẹ́ kó tó rán ikùn pa, ṣé ọgbẹ́ tó ń kẹ̀ á dín kù? Ó dín kù, láti 18.9 sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìbọ̀wọ́ àti irinṣẹ́ lásán o! Ọjọ́ 30 ni wọ́n fi tọpa aláìsàn kí wọ́n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin résídẹ́ńtì náà, mi ò tíì kúrò lọ́dọ̀ yín. Jọ́nà, ìwé tó ń gbé ìwádìí jáde, tó ń pe résídẹ́ńtì ọdún kejì ní Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ímeèlì, tó ní sanwó lónìí kó jáde lọ́túnla, olè ni. Èyí tó burú jù ni àwọn "ánálísìtì" ẹ̀yìn géètì, àwọn tó ń gbowó báni ṣe ìṣirò ìwádìí. Ọmọ kan gbé dissertation lórí ìpá wá fún mọ́ọ̀kì, ìdánwò ìdánrawò, bíńdìn rẹ̀ ń dán, Ìngíríṣì ibẹ̀ dùn. Mo ṣí tébù kejì, mo rí "ìpá tó sọ̀ dé kórópọ̀n", obìnrin mẹ́fà. Mo ní, "Dókítà, àwọn obìnrin wo nìyí?" Ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí kò rí i rí, òótọ́ ni, kò rí i rí. A ní kó kó fáìlì àwọn aláìsàn ẹ̀ wá. Èyí tó rí kó wá ò kún ọwọ́ kan. Wọ́n dá a padà sídìí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sì ti di kọ́ńsọ́tántì.