Bébà Funfun Tí Ayàwòrán Kò Fọwọ́ Kàn

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá rí ìkòkò tàbí àga tí mo fi ọ̀dà olómi yà, wọ́n sábà máa ń bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe fọ́tò nìyí?" Mo mọ̀ pé wọ́n fi ń yìn mí ni, àmọ́ ẹni tó bá ń wá fọ́tò nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yóò fojú fo èyí tó dùn jù níbẹ̀ dá.

Ibi tí ayàwòrán kò kùn rárá ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọ̀dà olómi kì í bo bébà mọ́lẹ̀ bí ọ̀dà elépo. Ìmọ́lẹ̀ a máa gba inú rẹ̀ kọjá, a kan bébà lábẹ́, a sì padà sí ojú wa. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́ kì í kun funfun, nítorí bébà gan-an ni funfun rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn yanran lára ikùn ìkòkò, ó ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kò ní kan ibẹ̀, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì yí i ká títí iṣẹ́ fi parí. Bí ọ̀dà bá ṣèèṣì ṣàn débẹ̀, a lè fi omi nu díẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n kì í mọ́ bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. (Èmi náà ti fa bébà tó pọ̀ ya nítorí èyí.)

Àwòrán Index of American Design, àkójọ àwòrán ohun èlò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni mo fi ń kọ́ àwọn tó bá fẹ́ mọ bí a ti ń wo àwòrán ọ̀dà olómi. Ìjọba Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1935, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, kí àwọn ayàwòrán tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ lè rí owó gbà. Nígbà tó fi máa di 1942, àwòrán tí wọ́n yà ti lé ní 18,000, National Gallery of Art, ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà ní Washington, ló sì ń tọ́jú wọn báyìí: ohun ìṣeré ọmọdé, ìkòkò, àga àwọn ẹlẹ́sìn Shaker, aṣọ ìbora tí a fi ègé aṣọ rán pọ̀, àkùkọ irin tó ń júwe ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lórí òrùlé. Fọ́tò aláwọ̀ ìgbà náà wọ́n, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń ṣá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yan ọ̀dà olómi.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń ya ohun kan ṣoṣo sí àárín bébà, láìsí tábìlì tàbí ògiri lẹ́yìn rẹ̀, kí ojú má baà ríbi sá sí. Bí ẹ bá bá ẹṣin onígi pàdé nínú wọn, ẹ wo ibi tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn àti ọrùn ló bó jù, ọwọ́ ọmọdé ló ń dì í mú níbẹ̀. Ayàwòrán kò tún un ṣe. Gbogbo bó ṣe gbó ló yà á. Láti ya igi tó hàn lábẹ́ ọ̀dà tó bó, yóò kun àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ara wọn, yóò jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi búrọ́ọ̀ṣì tí omi rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán fa ìlà ara igi. Òjìji abẹ́ ẹṣin náà kì í sábà jẹ́ dúdú lásán; ẹ ó rí i pé aró wà nínú rẹ̀, àti díẹ̀ lára àwọ̀ ẹṣin fúnra rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ a máa pa àwọ̀ irú àwòrán yìí, nítorí náà inú òkùnkùn ni a ń tọ́jú wọn sí, a kì í sì í gbé wọn kọ́ pẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ nínú yín yóò ti rí wọn. Ẹ fẹ àwòrán náà lójú títí ìlà pẹ́ńsùlù abẹ́ ọ̀dà yóò fi hàn, kí ẹ sì wo ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti kọjá ìlà náà díẹ̀.