Kí ni tẹ́ńpà nínú iṣẹ́ ọ̀bẹ rírọ?

Ọ̀bẹ àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi rọ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Kubwa, ní Àbújá, já bọ́ lọ́wọ́ mi sórí sìmẹ́ńtì, ó sì fọ́ sí méjì bí àwo tánganran. Mi ò tíì fi gé ata rí. Irin abẹ́ bọ́ọ̀sì akérò mà ni o! Tẹ́ńpà ni mo fò. Ní ìgboro, bí wọ́n bá ní ẹnì kan ní tẹ́ńpà, oníbìínú ni wọ́n ń pè é. Ti irin yàtọ̀: tẹ́ńpà ni à ń fi pẹ̀tù sí irin nínú.

Kí ló wá ń bí irin nínú? Sípíríǹgì pẹlẹbẹ abẹ́ ọkọ̀ tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù irin, ní Apo níbí tàbí ní Panteka ní Kàdúná, máa ń ní kábọ́ọ̀nù, èròjà tó pọ̀ jù nínú èédú, díẹ̀ nínú, bí ìdá 0.6 nínú 100. Bó ṣe kéré tó yẹn, òun ló ń jẹ́ kí ọ̀bẹ lè mú. Irin tí wọ́n fi ń ṣe dẹ́kìn ilé kì í sábà ní tó bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dáná sí i.

Bí irin bá pọ́n nínú èédú títí òòfà ò fi lè fà á mọ́, ìyẹn ní nǹkan bí 770°C, tó sì tún gbóná díẹ̀ sí i, kábọ́ọ̀nù á yọ́ wọnú irin, á fọ́n ká. Bí a bá wá rì í bọ òróró lójijì, kábọ́ọ̀nù ò ní ráyè jáde mọ́. Ẹ wo takisí tó ń bọ̀ láti Nyanya láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí èèyàn márùn-ún há sẹ́yìn. Ta ló lè yíra padà níbẹ̀? Irin tó há báyìí ni wọ́n ń pè ní martensite, orúkọ Adolf Martens ará Jámánì ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó le débi pé fáìlì tí à ń fi rẹ́ irin á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Àmọ́ bí takisí yẹn bá kó sí kòtò, egungun ẹnì kan á ṣẹ́. Bí ọ̀bẹ mi ṣe ṣẹ́ nìyẹn.

Tẹ́ńpà ni ooru kékeré tí à ń dá padà sára ọ̀bẹ lẹ́yìn tó ti le. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan sọ̀ nínú takisí yẹn ní ibùdókọ̀ AYA, tí àwọn tó kù rí ibi mí. Líle ọ̀bẹ á dín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní fọ́ mọ́ bí àwo. Ààrò gáàsì ilé ìdáná tó o: 200°C fún wákàtí méjì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọjọ́ kan náà ni kẹ́ ẹ ṣe é, torí ọ̀bẹ tó ti le tí a fi sílẹ̀ mọ́jú lè dédé sán. Ẹ fi tẹmómítà sínú ààrò, ẹ má gba ohun tí bọ́tìnì rẹ̀ bá wí gbọ́. Kẹ́ ẹ sì nu òróró ẹ̀pà kúrò lára ọ̀bẹ dáadáa kó tó wọlé. Mi ò nu tèmi, búrẹ́dì ìyàwó mi ló sì jìyà rẹ̀.

Òróró ẹ̀pà yẹn, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Agolo irin tó ní ìdérí ni kó wà. Bó bá gbiná, ẹ dé e. Ẹ má da omi sí i láé.

Ẹni tí kò ní ààrò á fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ ha ọ̀bẹ náà títí á fi máa dán, kẹ́ ẹ wá máa yan ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí èédú. Àwọ̀ á máa rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn wá sí ojú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ máa ń dà bíi koríko gbígbẹ, lẹ́yìn náà á pọ́n bí igi, á di elésè àlùkò, á wá di aró. Bí àwọ̀ koríko gbígbẹ bá ti dé ojú tó ń gé nǹkan, ẹ gbé e kúrò kíá, kẹ́ ẹ rì í bọ omi. Bó bá ti di aró níbẹ̀, ó ti rọ̀ jù. Iná èédú àti òróró lẹ ó tún padà sí.