Bí ọ̀rọ̀ sísọ ṣe ń di ìtọ́jú fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn

Ẹni tó bá ń gba ìtọ́jú psychodynamic (ìtọ́jú tí aláìsàn fi ń sọ̀rọ̀ kó lè mọ ohun tó fara sin lọ́kàn rẹ̀) fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń rí olùtọ́jú kan náà, nínú yàrá kan náà, lọ́jọ́ àti aago kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìṣẹ́jú 50 ni wọ́n sábà ń lò. Olùtọ́jú kì í gba aláìsàn nímọ̀ràn, kì í fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ohun tó bá wá sọ́kàn aláìsàn ni kó sọ: ìbáà jẹ́ àlá, ìbáà jẹ́ ìjà àná pẹ̀lú ọ̀gá, ìbáà jẹ́ ohun tó ń tì í lójú.

Freud, dókítà ará Vienna, ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Lọ́dún 1917, ó tẹ àròkọ kan jáde tó fi ọ̀fọ̀ wé ìrẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ mọ ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, á gbà pé ó ti lọ. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú lè má mọ ohun tó pàdánù gan-an, ara rẹ̀ ló sì ń bú ṣáá: “Mi ò wúlò. Èmi ni mo fà á.” Freud ṣàkíyèsí pé téèyàn bá fetí sí èébú náà dáadáa, ẹlòmíì tí aláìsàn fẹ́ràn ló bá mu jù. Ìbínú tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ onítọ̀hún ló ti yí padà sórí ẹni tó ń bínú. Kì í ṣe gbogbo ìrẹ̀wẹ̀sì ló rí báyìí o, ṣùgbọ́n àwọn olùtọ́jú ṣì ń rí i lemọ́lemọ́.

Kéèyàn kàn ṣàlàyé èyí fún aláìsàn kò tó. Ó ní láti ṣẹlẹ̀ níṣojú àwọn méjèèjì. Ká ní ọkùnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ máa ń fi ilé sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nígbà tó wà ní kékeré, tó sì ti mọ́ ọn lára láti ṣe bí ẹni pé kò dun òun. Olùtọ́jú lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó dé, ọkùnrin yìí pẹ́ kó tó wọlé, ó ní sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ni, ó tún ní òun kàn ń fi àkókò olùtọ́jú ṣòfò ni. Olùtọ́jú lè rọra sọ pé: “Bóyá inú ń bí yín pé mo lọ, ó wá rọ̀ yín lọ́rùn kẹ́ ẹ bú ara yín ju kẹ́ ẹ bú mi lọ.” Ọkùnrin náà lè kọ́kọ́ jiyàn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó lè wá gbà pé lóòótọ́, inú bí òun. Ìkọ̀sílẹ̀ tó ti ń bẹ̀rù láti kékeré kò sì ṣẹlẹ̀: olùtọ́jú gbọ́ ọ, ó sì tún wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìdí tí aago kì í fi í yẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá sí aago pàtó, pípẹ́ kò ní sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ó máa ń gba ìgbà púpọ̀ kí irú nǹkan báyìí tó wọni lára, ẹni tó bá sì ń ronú àtigbẹ̀mí ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de ìtọ́jú tó ń falẹ̀: kó tètè rí dókítà. Èèyàn lè lo oògùn pọ̀ mọ́ ọn.

Ní kílíníìkì Tavistock ní London, wọ́n dán ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ yìí wò lára èèyàn 129 tí ìtọ́jú mìíràn ti kùnà fún, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Apá kan gba ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Apá kejì fi oṣù 18 ìjókòó ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kún tiwọn. Nígbà tí oṣù 18 náà pé, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò pọ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì sí i, ìdá 44 nínú 100 àwọn tó jókòó sọ̀rọ̀ ni àmì àìsàn wọn kò tó ohun tí wọ́n ń pè ní ìrẹ̀wẹ̀sì líle mọ́, nígbà tó jẹ́ ìdá 10 péré nínú àwọn tó kù.